Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo ATA Carnet rí, ṣé ó pọn dandan àbí kí n kàn gbé ẹrù mi kọjá?

Ẹ ǹlẹ́ o, gbogbo ilé. Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe, wọ́n wá pè mí síṣẹ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta nílẹ̀ òkèèrè, orílẹ̀-èdè méjì la máa dé. Kámẹ́rà mẹ́ta, lẹ́ńsì mẹ́jọ, iná mẹ́rin, maikirofóònù àti ẹ̀rọ tó ń gba ohùn, gbogbo ẹ̀ ni mò ń gbé lọ, gbogbo ẹ̀ náà ni mo sì máa gbé padà. Ẹnìkan ní àfi kí n gba ìwé kan tí wọ́n ń pè ní ATA Carnet kí kọ́sítọ́ọ̀mù má bàa gbowó lọ́wọ́ mi. Ẹlòmíì ní owó dànù ni, kí n kó wọn sí báàgì kí n máa lọ, kò sẹ́ni tó máa bi mí. Ẹnì kẹta ní kí n débẹ̀ kí n tó sọ pé mi ò tà wọ́n, kí n fowó sílẹ̀ lẹ́nu ibodè, kí n gbà á padà lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ. Ọ̀rọ̀ náà ti dàrú mọ́ mi lójú. Èyí tó tún ń kọ mí lóminú ni owó ìdúró tí wọ́n ní mo máa kó sílẹ̀ kí wọ́n tó fún mi níwèé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, bó ṣe rí gan-an ni kẹ́ ẹ sọ fún mi.

* * *

Ẹ gba ìwé náà. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí torí mo mọ̀ pé àríyànjiyàn máa pọ̀ tó bá yá. Iṣẹ́ kámẹ́rà àti ohùn lèmi náà ń ṣe, ìwé yìí sì ti bá mi rìn jìnnà, ó ti gbà mí níbi tó pọ̀, ó sì fẹ́ẹ̀ kó mi sí gbèsè lẹ́ẹ̀kan, màá sọ ìyẹn.

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí. Tẹ́ ẹ bá ti gbé ẹrù wọ ilẹ̀ onílẹ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù ibẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó ibodè àti owó orí lé e, ẹ̀yin lẹ máa fi hàn wọ́n pé ẹ ò wá tà á. Carnet máa ń jẹ́ kí ẹnìkan ti dúró fún yín kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Chamber of commerce, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò, tó fún yín níwèé ni onígbọ̀wọ́ yín, chamber ti ilẹ̀ tẹ́ ẹ ń lọ náà sì ti bá kọ́sítọ́ọ̀mù tiwọn ṣàdéhùn pé bí ẹrù yìí ò bá jáde padà, àwọn làwọn máa san án. Tí wọ́n bá san án tán, wọ́n á bi chamber tiyín, chamber tiyín á sì bi yín. Torí pé ẹnìkan ti dúró báyẹn ni ẹ ò ṣe ní san nǹkankan lẹ́nu ibodè lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wọlé.

ATA yẹn, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, Admission Temporaire àti Temporary Admission, kò ju pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹrù wọlé fúngbà díẹ̀ lọ. Brussels ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn ẹ̀ ní 1961, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1963, wọ́n tún wá ṣe òmíì ní Istanbul ní 1990. WCO, ìyẹn àjọ kọ́sítọ́ọ̀mù àgbáyé, ló ń mójú tó àdéhùn, ICC, ìyẹn International Chamber of Commerce tó wà ní Paris, ló sì ń mójú tó àwọn chamber tó ń ṣe onígbọ̀wọ́. Ìwé kan ò lè ju ọdún kan lọ, àmọ́ láàárín ọdún yẹn ẹ lè fi lọ kẹ́ ẹ fi bọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ sì lè fi dé orílẹ̀-èdè tó pọ̀, bí abala ìwé tẹ́ ẹ gbà bá ṣáà ti tó.

Ẹrù mẹ́ta ló sábà máa ń wà fún. Àkọ́kọ́ ni ọjà tẹ́ ẹ gbé lọ fi han oníbàárà bí àpẹẹrẹ, ìkejì ni ọjà tẹ́ ẹ fẹ́ gbé síbi ìpàtẹ, ìkẹta ni irinṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣiṣẹ́, tiyín bọ́ sí ìkẹta. Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o. China fún ọdún púpọ̀, ẹrù ìpàtẹ ni wọ́n ń gbà, ọdún 2019 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi irinṣẹ́ iṣẹ́ àti àpẹẹrẹ ọjà kún un. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ò tiẹ̀ sí nínú ẹ̀ rárá. Torí náà kẹ́ ẹ tó san owó kankan, ẹ bi chamber pé ilẹ̀ méjèèjì tẹ́ ẹ ń lọ, ṣé wọ́n ń gbà á, ṣé wọ́n sì ń gbà á fún irinṣẹ́ iṣẹ́.

* * *

Mo rí èsì ẹni tó ní òun ti gbé kámẹ́rà kọjá lẹ́ẹ̀mẹẹ̀wá tí ẹnikẹ́ni ò bi òun léèrè. Mo gbà yín gbọ́. Kámẹ́rà kan àti lẹ́ńsì méjì ní ọrùn ẹnìkan, níbi tó pọ̀ wọ́n á kà á sí ẹrù arìnrìn-àjò, wọn ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ kí ló jọ ọ́ nínú ohun tí oníbèérè wa kọ? Kámẹ́rà mẹ́ta, iná mẹ́rin nínú àpótí líle tó wúwo, ọ̀pá iná tó gùn bí igi, ta ló máa wo ìyẹn tí ò ní mọ̀ pé iṣẹ́ ló ń lọ ṣe?

Ẹ tún wò ó báyìí. Tẹ́ ẹ bá gba ẹnu ọ̀nà àwọn tí kò ní ẹrù tí wọ́n fẹ́ sọ fún kọ́sítọ́ọ̀mù kọjá, ẹ ti fi ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀ níyẹn, ó ti dà bí ìgbà tẹ́ ẹ búra. Tí wọ́n bá dá yín dúró lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní owó ibodè nìkan, ó ti di pé ẹ fi nǹkan pamọ́, wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù, wọ́n sì lè bu owó ìtanràn lé yín. Àwọn tó gbé iṣẹ́ fún yín wà lápá kejì tí wọ́n ń dúró dè yín, ilé ti wà nílẹ̀, àwọn òṣèré ti dé, kámẹ́rà wà lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi kan, ọjọ́ mẹ́rin ló fi wà ní hòtẹ́ẹ̀lì tó ń wojú fóònù, ẹlòmíì ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún.

Nǹkankan tún wà tí àwọn tó ń sọ pé ẹ kàn máa lọ kì í rántí. Ẹ máa padà wálé! Kọ́sítọ́ọ̀mù ilé tiyín náà lè béèrè pé kámẹ́rà tuntun mẹ́ta yìí, níbo lẹ ti rà á, ẹ wá sanwó ẹ̀. Carnet ló máa dáhùn ìyẹn náà, torí òǹtẹ̀ wọn á ti wà lára ẹ̀ láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti gbé e jáde.

* * *

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ní kí ẹ lọ fowó sílẹ̀ lẹ́nu ibodè, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ burúkú o, ó bófin mu, tí ilẹ̀ tẹ́ ẹ ń lọ ò bá sì sí nínú àdéhùn ATA, irú ọ̀nà yẹn náà ló kù. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé odindi owó ibodè àti owó orí ni wọ́n ní kí n kó sílẹ̀, owó ilẹ̀ wọn ni wọ́n sì fẹ́, mo sanwó fún aṣojú tó máa bá mi kọ fọ́ọ̀mù, nígbà tí mo ń lọ wọ́n ní ẹnu ibodè tí mo gbà wọlé nìkan ni mo lè gbà jáde kí wọ́n tó lè da owó náà padà, ó sì pẹ́ kí owó náà tó dé, nígbà tó máa fi dé iye tí wọ́n fi ń ṣẹ́ owó ti yí padà. Ẹ wá fi orílẹ̀-èdè méjì sọ ọ́ di méjì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ gba Carnet, ìwé kan náà ló máa bá yín dé méjèèjì.

Tí orílẹ̀-èdè méjèèjì bá tiẹ̀ wá wà nínú European Union, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ́ lójú kọ́sítọ́ọ̀mù. Ibi tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ balẹ̀ sí ni wọ́n ti máa tẹ ti ìwọlé, ibi tẹ́ ẹ bá ti jáde kẹ́yìn ni wọ́n ti máa tẹ ti ìjáde, ẹ ò nílò òǹtẹ̀ kankan láàárín. Àmọ́ Britain ò sí nínú ẹ̀ mọ́. Láti January 1, 2021 ni àwọn olórin àti onífídíò tó ń ti London lọ Paris bíi ẹni ń lọ ilé kejì ti wá rí i pé àwọn ti di ẹni tó ń ré ibodè kọjá, ọ̀pọ̀ wọn ò gbọ́ orúkọ Carnet rí títí dìgbà yẹn.

* * *

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ líìsì torí ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ máa kọ gbogbo ẹrù yín sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà, orúkọ nǹkan náà, sírìà nọ́ńbà ara ẹ̀, ẹyọ mélòó ni, bó ṣe wúwo tó, iye owó ẹ̀, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe é. Nígbà tí wọ́n bá ti fún yín níwèé, ẹ ò lè fi nǹkankan kún líìsì yẹn mọ́. Ẹ lè fi nǹkan sílẹ̀ nílé, àmọ́ ẹ ò lè fi kún un. Torí náà ẹ jókòó, ẹ tú báàgì sílẹ̀, ẹ wo ara nǹkan fúnra yín kẹ́ ẹ tó kọ ọ́. Ẹ má wo ara páálí tó bá a wá, ẹ má wo líìsì ọdún tó kọjá.

Ohun tó kọ́ mi nìyí. Lẹ́ńsì mi kan bàjẹ́, mo gbé e lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe, wọn ò rí i tún ṣe, wọ́n fún mi ní òmíì tó jẹ́ irú kan náà. Inú mi dùn, mo gbé e sáyè ẹ̀ nínú àpótí. Nígbà tí mo fẹ́ gba Carnet, mo kó líìsì àtijọ́ jáde, mo tún un tẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Nígbà tí a dé ibodè, ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù kan ní kí n ṣí àpótí, ó mú nǹkan mẹ́ta péré nínú mọ́kàndínlógún, lẹ́ńsì yẹn wà nínú ẹ̀. Ó ṣí ìdérí ẹ̀, ó yí i síbi iná, ó fi ìka lé nọ́ńbà tó wà ní ìdí ẹ̀, ó tún fi ìka kejì lé ojú ìwé, ó ń kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ètè ẹ̀ ń mì. Nígbà tó dé nọ́ńbà kẹrin ó dúró. Kò pariwo, kò bínú, ó kàn gbé lẹ́ńsì náà sápá kan. Wákàtí méjì la lò níbẹ̀, wọ́n jẹ́ kí ìyókù wọlé, lẹ́ńsì yẹn ò wọlé, ọ̀dọ̀ wọn ló wà títí mo fi ń lọ. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣe gan-an ni mo tìtorí ẹ̀ gbé e lọ.

Iye owó náà, ẹ kọ iye tó tó lóòótọ́. Tẹ́ ẹ bá dín in kù kí owó ìdúró lè kéré, tí ọ̀gá tó mọ kámẹ́rà bá wò ó, ó ti di ìbéèrè míì. Ohun tí wọ́n máa lò tán, kẹ́ ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀. Ìwé ìpolówó tẹ́ ẹ máa pín, oúnjẹ, bátìrì tí wọ́n ń lò sọnù, gbogbo ìyẹn ò ní padà, Carnet sì jẹ́ ti ohun tó máa padà. Bákan náà ni ohun tẹ́ ẹ gbé lọ kí wọ́n lọ bá yín tún ṣe.

* * *

Ẹnìkan bi mí pé báwo ni ìwé náà ṣe rí. Ìwé ńlá ni, èèpo ẹ̀ àwọ̀ ewé, líìsì wà lẹ́yìn èèpo. Abala yẹ́lò wà fún ilé tiyín, ọ̀kan tẹ́ ẹ bá ń jáde, ọ̀kan tẹ́ ẹ bá padà. Abala funfun wà fún ilẹ̀ tẹ́ ẹ lọ, ọ̀kan tẹ́ ẹ bá wọlé, ọ̀kan tẹ́ ẹ bá ń jáde níbẹ̀. Búlúù ni ti ilẹ̀ tẹ́ ẹ kàn máa gbé e là kọjá. Apá méjì ni abala kọ̀ọ̀kan, awẹ́ tí kọ́sítọ́ọ̀mù máa ya lọ àti kùkùté tó máa ṣẹ́ kù sínú ìwé yín. Kùkùté yẹn ni ẹ̀rí yín. Tẹ́ ẹ bá rí i tó ya awẹ́ tí kò tẹ òǹtẹ̀ sí kùkùté, ẹ má kúrò níbẹ̀.

Níbi tẹ́ ẹ ti máa jáde kúrò nílé nígbà àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí kọ́sítọ́ọ̀mù ilé tẹ òǹtẹ̀ sí èèpo ìwé náà pẹ̀lú, yàtọ̀ sí yẹ́lò. Àwọn èèyàn máa ń sáré kọjá ibẹ̀, wọ́n á wá dé òkèèrè kí wọ́n tó gbọ́ pé ìwé àwọn ò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ohun méjì míì tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ojú ara yín wò lójú ẹsẹ̀. Lórí kùkùté ìwọlé, àyè kan wà tí ọ̀gá náà máa kọ ọjọ́ tí ẹrù gbọ́dọ̀ ti jáde. Ọjọ́ yẹn lè kéré sí ọjọ́ tí ìwé fúnra ẹ̀ máa kú. Ìwé lè ní oṣù mẹ́jọ lára kó fún yín ní oṣù kan péré, oṣù kan yẹn lófin. Tí kò bá tó yín, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú ẹ̀. Èkejì, wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà ẹrù tẹ́ ẹ gbé wọlé lọ́jọ́ yẹn. Tí líìsì bá jẹ́ 1 dé 19, tẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà 9 sílẹ̀ nílé, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 1 dé 8 àti 10 dé 19. Tí wọ́n bá kọ 1 dé 19, ẹrù kẹsàn-án yẹn ti wọ ilẹ̀ wọn nínú ìwé, kò sì ní jáde láéláé torí pé ilé yín ló wà.

* * *

Ó wá kan ìtàn tí mo ní màá sọ.

Iṣẹ́ ti parí, fláìtì wa jẹ́ ti aago mẹ́fà àárọ̀, ó ti rẹ gbogbo wa. A dé ẹ́ápọ́ọ̀tù ní aago mẹ́rin kọjá. Mo ń ti tírọ́ọ̀lì kiri tí mo ń wá ọ́fíìsì kọ́sítọ́ọ̀mù, wọ́n ní ìsàlẹ̀ ni, mo sọ̀kalẹ̀, mo rí ilẹ̀kùn, wọ́n tì í. Pépà kan wà lára ẹ̀ pé aago mẹ́jọ ni wọ́n ń ṣí. Mo kan ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Àwọn tá a jọ wá ń pè mí pé wọ́n ti fẹ́ tì ibi tí wọ́n ń gba ẹrù, kí n máa bọ̀. Mo wo ìwé, mo wo ilẹ̀kùn, mo ní ẹrù náà kúkú ń bá mi lọ, kí ló tún kù? Mo wọ ọkọ̀ òfúrufú láìsí òǹtẹ̀ ìjáde. Nígbà tí mo dé ilé mo ṣáà lọ sọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù wa, wọ́n wo ẹrù, wọ́n tẹ yẹ́lò ti ìpadàbọ̀. Mo dá ìwé padà, mo gbàgbé ẹ̀.

Ó pẹ́ gan-an kí lẹ́tà tó dé. Chamber ló kọ ọ́, wọ́n ní kọ́sítọ́ọ̀mù ilẹ̀ yẹn sọ pé ẹrù mọ́kàndínlógún wọlé, kò sí ẹyọ kan tó jáde, wọ́n ń béèrè owó ibodè àti owó orí lórí gbogbo ẹ̀, pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé e. Ìyẹn wà nínú àdéhùn o, owó tí wọ́n lè béèrè lọ́wọ́ onígbọ̀wọ́ lè dé 110%. Àdéhùn yẹn kan náà fún chamber ní oṣù mẹ́fà láti mú ẹ̀rí wá. Mi ò lè jẹun dáadáa lọ́jọ́ yẹn, mo ń ka iye náà lóòkà, ó ju owó tí iṣẹ́ náà mú wọlé lọ.

Kùkùté yẹ́lò yẹn ló yọ mí. Òǹtẹ̀ ilé tó wà lára ẹ̀, ọjọ́ kan náà tí mo kúrò lọ́dọ̀ wọn ló ní, nọ́ńbà ẹrù pé. Mo fi ìwé ọkọ̀ òfúrufú lé e, wọ́n gbà pé ẹrù ti kúrò ní ilẹ̀ wọn. Wọ́n ṣì gba owó àtúnṣe ìwé tí kò ní òǹtẹ̀ ìjáde lọ́wọ́ mi, àmọ́ ìyẹn kéré sí ohun tó ń bọ̀ wá. Ká ní mo gba ìta lọ sílé lọ́jọ́ tí mo dé, bí ó ti rẹ̀ mí yẹn, kò sí ohun tí mi ò bá fi hàn wọ́n.

* * *

Ẹni tó ní ẹ̀bi kọ́sítọ́ọ̀mù ni pé wọn ò ṣí ọ́fíìsì, kí ló dé tí èmi fi máa san owó àtúnṣe, inú tiyín àti tèmi ò yàtọ̀ síra wọn lórí ìyẹn. Ó dùn mí. Ẹnu ibodè tó ń jẹ́ kí fláìtì gbéra ní aago mẹ́fà yẹ kó ní ẹni tó máa tẹ òǹtẹ̀ ní aago mẹ́rin. Àmọ́ orúkọ tèmi ló wà lórí ìwé, èmi ni mo ní láti gbé ẹrù lọ fi hàn wọ́n, kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé àwọn ló máa wá mi. Mo ti ń fi lẹ́tà àti fóònù béèrè àkókò tí wọ́n ń ṣí báyìí, kí n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Èyí tí mi ò gbà ni ti ẹni tó ní kẹ́ ẹ gbé gbogbo ẹ̀ fún aṣojú kẹ́ ẹ lọ sùn. Aṣojú dáa, pàápàá tí ẹrù bá pọ̀ bí ilé. Ẹ kọ lẹ́tà àṣẹ fún un pẹ̀lú, torí ẹni tí kò ní lẹ́tà lọ́wọ́ tí orúkọ ẹ̀ ò sì sí lórí ìwé ò lè dúró fún yín. Àmọ́ ẹ gba fọ́tò kùkùté kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó ń bá èèyàn fi páálí ránṣẹ́ sókèèrè kì í fọwọ́ kan Carnet nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́ wọn, wọ́n á gbé ẹrù yín wọlé bí ọjà tẹ́ ẹ rà, wọ́n á sanwó ibodè, wọ́n á wá béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ yín, ìwé yín á sì wà ní mímọ́ tónítóní láìní òǹtẹ̀ kankan. Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó gbé e fún wọn.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti yà díẹ̀, àmọ́ olórin kan bi mí bóyá Carnet nìkan tó fún ohun èlò orin òun, ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì. Tí eyín erin bá wà lára ohun èlò orin yín, tàbí irú igi rosewood kan tó wà lábẹ́ ààbò, Carnet ò gbà yín lọ́wọ́ àdéhùn CITES tó ń dáàbò bo ẹranko àti igi. Ìwé tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni, ẹ gba méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹrù tó bá nílò àṣẹ kó tó lè jáde nílé. Carnet ń dúró fún owó ibodè àti owó orí, kò dúró fún òfin míì. Ẹni tó fẹ́ wa mọ́tò ara ẹ̀ kọjá, ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní Carnet de Passages en Douane, ìyẹn kì í ṣe ti chamber, àwọn ẹgbẹ́ onímọ́tò ló ń fún èèyàn, orúkọ ló kàn jọra.

* * *

(Oníbèérè) Ẹ ṣeun gan-an, ojú mi ti ń là. Ìbéèrè tó kù: owó ìdúró yẹn ńkọ́? Tí ẹnìkan bá sì fẹ́ ra iná kan lọ́wọ́ mi níbẹ̀, ṣé mo lè tà á? Tí wọ́n bá jí nǹkan?

* * *

Owó ìdúró, iye tó jẹ́ wà lọ́wọ́ chamber yín. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà 40% iye owó ẹrù ló wọ́pọ̀, àwọn ibòmíì ń wo ilẹ̀ tẹ́ ẹ ń lọ àti irú ẹrù. Kì í ṣe owó tí wọ́n gbà lọ o, ìdógò ni. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba ìwé ìdúró láti báńkì tàbí iléeṣẹ́ ìbánigbófò dípò owó lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ ló ń gbà á, ẹ máa san ìwọ̀nba owó lórí ìyẹn tí ò ní padà, àmọ́ owó ńlá yín ò ní há. Ẹ sì bi wọ́n ìgbà tí wọ́n máa ń tú u sílẹ̀, torí kọ́sítọ́ọ̀mù òkèèrè ní ọdún kan lẹ́yìn tí ìwé bá ti kú láti béèrè owó, àwọn chamber míì ò sì ní yára tú u sílẹ̀ tí òǹtẹ̀ kan bá sọnù nínú ìwé.

Ní ti títà, ẹ má tà á. Ohun tẹ́ ẹ bá ti ní lọ́kàn àtilé láti tà, ẹ má kọ ọ́ sórí Carnet, ẹ gbé e lọ bí ọjà. Tó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ẹnìkan fẹ́ ẹ dandan nígbà tẹ́ ẹ débẹ̀, ẹ lọ bá kọ́sítọ́ọ̀mù kẹ́ ẹ tó gbé e fún un, ẹ san owó ibodè ẹ̀, ẹ gba rìsíìtì, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

Tí olè bá gbé e, ó le o, torí lójú kọ́sítọ́ọ̀mù nǹkan náà ṣì wà ní ilẹ̀ wọn, ẹnìkan ló ń lò ó. Ẹ gba ìwé ọlọ́pàá lọ́jọ́ yẹn, ẹ gbé e lọ fún kọ́sítọ́ọ̀mù kẹ́ ẹ tó kúrò nílẹ̀ náà, ẹ sọ fún chamber. Wọ́n ṣì lè ní kẹ́ ẹ san owó ibodè lórí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìbánigbófò yín mọ̀ nípa ìyẹn ṣáájú, kó má jẹ́ owó kámẹ́rà nìkan ni wọ́n máa san.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ lọ sọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù kẹ́ ẹ tó gbé àpótí fún àwọn ọkọ̀ òfúrufú, torí wọ́n lè ní àwọn fẹ́ rí ẹrù, tó bá sì ti wọ abẹ́ ọkọ̀ kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi hàn wọ́n mọ́. Ẹ fi wákàtí méjì kún àkókò yín. Tẹ́ ẹ bá dé ilé, bó ti wù kó rẹ̀ yín tó, ẹ yà sọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù kí wọ́n tẹ yẹ́lò tó kẹ́yìn. Ẹ ya fọ́tò gbogbo kùkùté kẹ́ ẹ tó dá ìwé padà fún chamber, ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ wọn pé wọ́n ti gbà á.